Ọbáfẹ́mi àti Brock Lesnar: ta ni a ń fi wé ta?

Adégídígbò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí Oba Femi ti ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ ní NXT, ẹ̀ka tí WWE, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó máa ń pinnu ẹni tó máa borí tẹ́lẹ̀, ti ń kọ́ àwọn tuntun, ni ariwo kan ò ti jẹ́ ká sinmi: "Brock Lesnar tuntun dé." Àwọn òyìnbó ń wí i, àwọn ará ilé wa ń gbè é. Mo fẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ níbí bí ó ṣe yẹ, ká má kàn máa pàtẹ́wọ́ torí pé ọmọ Èkó ni.

Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n rèé. Isaac Odugbesan ni orúkọ Femi gan-an, Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1998. Ó ń ju irin, ìyẹn shot put, fún Middle Tennessee State, kó tó bọ́ sí Yunifásítì Alabama. Ní oṣù Kejìlá 2021, WWE kó eléré-ìdárayá 15 jọ láti àwọn ilé ìwé gíga Amẹ́ríkà, òun náà wà nínú wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 6, ó sì wúwo ní 310 páùn, bíi kílò 140. Lesnar ní tirẹ̀, Webster ní South Dakota ni wọ́n bí i sí ní 1977. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 3, 286 páùn ni wọ́n kọ fún un.

Ìbéèrè mi ò pọ̀. Yàtọ̀ sí pé àwọn méjèèjì sígbọnlẹ̀, kí ni wọ́n fi jọra?

Ìyá_Tọ́pẹ́

Kí ẹ tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká tún orúkọ ṣe. Ọbáfẹ́mi, orúkọ kan ṣoṣo ni. Orúkọ tí Awólọ́wọ̀ ń jẹ́ náà ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọba ló fẹ́ràn mi. WWE wá là á sí méjì, wọ́n sọ "Oba" di oyè, wọ́n sọ "Femi" di orúkọ, wọ́n sì fi ìnagijẹ "The Ruler" lé e lórí. Òyìnbó tó ń wò ó gbọ́ "Ọba tí ń jẹ́ Fẹ́mi". Èmi tí mo gbọ́ Yorùbá gbọ́ ẹni tí ọba ń fẹ́ràn. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn jẹ́ ọba, ọ̀tọ̀ ni kí ọba fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n.

Ó parí. Ẹ máa bá ìjà yín lọ.

Adégídígbò

Háà, ìyá wa, ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ.

Àlàdé_Peckham

Ọjọ́ ni kí á kọ́kọ́ fi wéra, nítorí ọjọ́ kì í parọ́.

Lesnar tọwọ́ bọ̀wé ní 2000. Wọ́n rán an lọ sí OVW, ibi tí WWE ti ń kọ́ àwọn tuntun nígbà náà, ní Louisville, ibẹ̀ ni òun àti Shelton Benjamin ti jọ ń jà. Kámẹ́rà OVW kò dé ọ̀pọ̀ ilé, nítorí náà àṣìṣe tí ó bá ṣe níbẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Ó yọ sí Raw, ètò tẹlifíṣọ̀n àgbà WWE, ní 18 oṣù Kẹta 2002. Ní 23 oṣù Kẹfà, ó gba ìdíje King of the Ring. Ní 25 oṣù Kẹjọ, ó borí The Rock ní SummerSlam, ó sì di ẹni tó kéré jù lọ lọ́jọ́ orí tó gba bẹ́líìtì WWE títí di ìgbà náà: ọmọ ọdún 25. Oṣù márùn-ún àti ọjọ́ díẹ̀ ló fi gun gbogbo àkàbà yẹn.

Femi ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà lójú kámẹ́rà ní 2022. Ìdíje Breakout ti àwọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ sókè. Ẹni tó bá borí ìdíje yẹn máa ń gba ìwé-ẹ̀tọ́ kan tó lè lò nígbà tó bá wù ú, ó sì lò ó lórí Dragon Lee ní oṣù Kìíní 2024, ó gba bẹ́líìtì North American. Ó di bẹ́líìtì náà mú fún ọjọ́ 273, kò sí ẹni tó tíì mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà náà, kí Tony D'Angelo tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1 oṣù Kẹwàá 2024. Ní 7 oṣù Kìíní 2025, ó borí Trick Williams àti Eddy Thorpe nínú ìjà ẹlẹ́ni mẹ́ta, ó gba bẹ́líìtì NXT fúnra rẹ̀. Ricky Saints gbà á ní 27 oṣù Kẹsàn-án, Femi gbà á padà ní 6 oṣù Kejìlá ní Deadline.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Wọ́n fi iná ńlá se Lesnar, Femi ni wọ́n rọra ń gbé lórí ààrò. Ọdún méjì gbáko ni gbogbo ayé fi ń wo bí Femi ṣe ń kọ́ṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Lesnar kò ní irú àǹfààní yẹn. Mo tún lè sọ pé kò ní irú ìpọ́njú yẹn.

Akínlabí_Houston

@Àlàdé_Peckham ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Lesnar ló fòpin sí àìṣubú Undertaker ní WrestleMania 30, àpèjọ ìjà WWE tó tóbi jù lọ́dọọdún, ní 6 oṣù Kẹrin 2014, lẹ́yìn tí bàbá yẹn ti borí nínú ìjà 21 níbẹ̀. Ó gba bẹ́líìtì UFC lọ́wọ́ Randy Couture ní 15 oṣù Kọkànlá 2008, ìjà gidi nìyẹn, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀. Femi kò tíì ní irú àkísà yẹn lápò.

Àlàdé_Peckham

Òwe yín bá ibi tí ẹ pa á sí mu, àmọ́ Lesnar ọmọ ọdún 25 kò ní àkísà náà. Kí á fi ẹni ọdún 25 wé ẹni ọdún 25. Kí á má fi Femi òní wé Lesnar tí ó ti jẹ gbogbo ẹran tán.

Bàbá_Rẹfirí

Ẹ fi bẹ́líìtì sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká wo ara. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn wà jù, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń pariwo "Lesnar tuntun" kì í dé.

Ìjàkadì ilé ìwé gíga ni Lesnar ti wá. Ó lo ọdún méjì ní Bismarck State, ó lo méjì ní Minnesota. Ní 1999, Stephen Neal borí rẹ̀ ní àṣekágbá NCAA, ìdíje àwọn ilé ìwé gíga Amẹ́ríkà (Neal yìí kan náà ló padà lọ gba bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún New England Patriots). Ní 2000, Lesnar padà wá gba ife náà ní ìpele àwọn tó wúwo jù. Ìjà ibẹ̀, ìṣẹ́jú 7 ni: 3, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 2. Ní gbogbo ìṣẹ́jú yẹn, ò ń fa ẹni tó wúwo bí ìwọ mọ́ra, òun náà ń fà ọ́. Bí ó bá bọ́ sẹ́yìn rẹ tàbí tí o bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bí o bá dì í mú láti ẹ̀yìn tí ó sì dìde, o gbọ́dọ̀ gbé e padà sórí ẹní. Òfin sì ni pé o kò gbọ́dọ̀ jù ú lulẹ̀ bí àpò gàrí. Ọwọ́ rẹ ló máa mú un dé ilẹ̀.

Inú ìyẹn ni German suplex Lesnar, ìyẹn dídi ènìyàn mú láti ẹ̀yìn kí ó sì gbé e sọ sẹ́yìn, ti yọ. Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣe é. Ó so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ ikùn ẹni náà, lábẹ́ egungun ìhà. Ó tẹ orúnkún, ó ki ìbàdí tirẹ̀ sábẹ́ ìdí ẹni náà. Lẹ́yìn náà ló wá ti ìbàdí síwájú, tó sì tẹ ẹ̀yìn bí ọrun. Apá kì í gbé nǹkan kan níbẹ̀, okùn ni apá. Ìbàdí ló gbé e. Ìdí nìyẹn tó fi lè ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún fún John Cena ní SummerSlam, 17 oṣù Kẹjọ 2014, láìjẹ́ pé apá rẹ̀ kú. Ẹni tó bá ń fi apá ṣe é kò ní kọjá mẹ́rin.

Femi kò fa ènìyàn rí nígbà tó wà nílé ìwé. Irin tó ń jù, kílò 7.26 ni. Inú ọ̀bìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 2.135 ló gbọ́dọ̀ ti jù ú. Láti ìgbà tó bá ti yí títí irin yóò fi kúrò lọ́wọ́, kò tó sẹ́kọ́ǹdù 2. Agbára náà ń bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀, ó gba orúnkún kọjá sí ìbàdí, ó gba àyà, apá ló wá jáde gbẹ̀yìn. Títì ni, sókè àti síwájú. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe nínú rìǹgì: ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ènìyàn lágbọ̀n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń gbé wọn sókè orí, ó ń sọ wọ́n nù bí ẹni ju ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀, títì ni.

Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífà àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títì, ẹ̀yin lẹ fi ojú rí wọn bí ẹnì kan.

Ibi tí ó ti lè dà rú fún Femi ni èémí. Nínú àṣekágbá jíju irin, ìjù 6 ni, ènìyàn sì ń sinmi ìṣẹ́jú púpọ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìjà bẹ́líìtì lè tó ìṣẹ́jú 20. Bí èémí bá lọ, ẹsẹ̀ á lọ. Bí ẹsẹ̀ bá lọ, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni ènìyàn á fi máa gbé. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ gbé 250 páùn, kò ní lè darí ibi tí ẹni náà máa bọ́ sí.

Ọmọ_Ìkòròdú

Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ 😂 Bàbá, ẹ pa mí.

Akínlabí_Houston

Bàbá, mo gbà pẹ̀lú yín lórí fífà àti títì. Lórí èémí, mo ní àtakò. Láti ìgbà tí Lesnar ti padà wá ní 2012, mélòó nínú ìjà rẹ̀ ló pẹ́? Ó dé, ó ṣe suplex, ó gbé F-5 tó fi ń parí ìjà, ó gba owó, ó lọ sí oko rẹ̀. Ní 4 oṣù Kẹwàá 2019, ìjà òun àti Kofi Kingston, ọmọ Ghana yẹn, kò pé sẹ́kọ́ǹdù 10. Gbogbo oṣù mẹ́fà tí Kofi fi di bẹ́líìtì mú, wọ́n fi ìyẹn nù ún bí omi ilẹ̀. Bí ìyẹn bá jẹ́ ìwọ̀n, èémí Femi ti tó.

Bàbá_Rẹfirí

Lesnar ti lówó lọ́wọ́ kó tó máa ja ìjà kúkúrú. Lọ wo ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Kurt Angle ní 2003, èyí tí wọ́n fi wákàtí kan gbáko jà lórí SmackDown, ètò tẹlifíṣọ̀n WWE kejì, ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó lè jà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ìjà kúkúrú. Ọmọdé ò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kọ́ọ̀ṣì_Sùúrù

Ẹ ti sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba ẹni tó ń ṣubú. Ìjàkadì yìí, ènìyàn méjì ló ń ṣe é pọ̀. Ohun tó yà F-5 Lesnar sọ́tọ̀ sí powerbomb Femi, èyí tó ń pè ní Fall From Grace, ni ohun tí ojú ẹni tó ń ṣubú ń rí.

F-5 ní àkọ́kọ́. Lesnar á gbé ẹni náà kọ́ èjìká bí àgùntàn, orí ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Á ju ẹsẹ̀ rẹ̀ síta, ẹni náà á yí lójú òfurufú, á bọ́ lulẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀. Ó ń rí ilẹ̀ tó ń bọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àti apá ìsàlẹ̀ méjèèjì ló fi ń gba ilẹ̀, ikùn àti itan á tẹ̀ lé e, ó sì ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí imú má bàa fọ́. Ìwúwo náà wà lórí èjìká àti ẹsẹ̀ ẹni tó gbé e, nítorí náà ó lè ṣe é fún ènìyàn kékeré, ó sì lè ṣe é fún òmìrán. (Orúkọ F-5 yẹn, ti ìjì ni: ìwọ̀n tó ga jù tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára ìjì líle tó ń yí ní Amẹ́ríkà títí di 2007.)

Powerbomb wá yàtọ̀. Wọ́n á ki orí ẹni náà sáàárín itan ẹni tó fẹ́ gbé e, wọ́n á di ìbàdí rẹ̀ mú. Ẹni náà gbọ́dọ̀ fò. Kò sí alágbára kankan tó ń gbé 250 páùn láti ibẹ̀ sórí èjìká láìjẹ́ pé ẹni náà fò. Wọ́n máa ń rọra fún ọwọ́ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan láti mọ ìgbà tó yẹ. Bí ó bá ti jókòó sórí èjìká, ó di kí wọ́n jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn, kò sì rí ilẹ̀ rárá. Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe rèé: kí ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà gírígírí, kí ó tú èémí jáde kó tó kan ilẹ̀, kí ó na apá méjèèjì síta díẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ̀yìn òkè bá kàn án. Kí gbogbo ẹ̀yìn òkè, láti eegun èjìká kan sí èkejì, kàn án pọ̀. Bí ibi tó kan ilẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni ìrora ṣe máa kéré tó.

Rìǹgì náà kò rọ̀ bí àwọn kan ṣe rò. Irin ló wà nísàlẹ̀, pákó lórí irin, fóòmù tí kò nípọn lórí pákó, tapólì lórí gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ti WWE. Àárín máa ń fi díẹ̀, igun kì í fi, torí náà ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í ṣe powerbomb nítòsí òpó.

Kí ló ń bàjẹ́ níbẹ̀? Nǹkan mẹ́ta. Ẹni náà gbàgbé àgbọ̀n rẹ̀, ìpàkọ́ á gbá ilẹ̀. Tàbí wọ́n jù ú sílẹ̀ kó tó yí tán, ọrùn ni yóò kọ́kọ́ dé. Tàbí kò dé èjìká rárá, wọ́n sì ń bá a lọ.

Ẹ̀kẹta yìí ló ṣẹlẹ̀ sí Lesnar fúnra rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án 2002 lórí SmackDown, oṣù tó tẹ̀ lé ìgbà tó gba bẹ́líìtì. Ó fẹ́ gbé Hardcore Holly ní powerbomb, ara Holly kò gòkè tó bó ṣe yẹ, ó sì jù ú sílẹ̀. Orí àti ọrùn ni Holly fi gba ilẹ̀. Ọrùn ṣẹ́. Ó lé ní ọdún kan kó tó padà jà.

Mo sọ èyí torí pé powerbomb tó bàjẹ́ mọ́ Lesnar lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn, òun gan-an ni Femi fi ń parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Femi sì ga jù ú lọ ní ínǹṣì 3. Ẹni tó bá jókòó sórí èjìká rẹ̀, ẹ̀yìn ẹni náà á lé ní ẹsẹ̀ bàtà 6 sí ilẹ̀. Bí Femi bá ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n sì ń dìde padà wálé, iṣẹ́ ọwọ́ ńlá nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká yìn ín fún un kí á tó yìn ín fún bẹ́líìtì.

Adégídígbò

Kọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti ń wo ìjà yìí tipẹ́ láìmọ̀ pé ẹni tí wọ́n gbé ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Kọ́ọ̀ṣì_Sùúrù

Ìdajì ni. Ẹ má dá ẹni tó gbé sílẹ̀.

Ọmọ_Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí Lesnar fò látorí òpó? Wọ́n ń sọ ọ́, mi ò mọ ìdí.

Kọ́ọ̀ṣì_Sùúrù

WrestleMania XIX, 30 oṣù Kẹta 2003, ní Seattle, òun àti Kurt Angle. Shooting star press: o dúró lórí òpó, o kọjú sí ẹni tó wà nílẹ̀, o fò síwájú ṣùgbọ́n o yí ara rẹ sẹ́yìn lójú òfurufú, kí o fi ikùn bọ́ lé e lórí. Lesnar ti ń ṣe é ní OVW, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Àmọ́ ibi tí Angle dùbúlẹ̀ sí jìnnà sí òpó jù, ìjà náà sì ti pẹ́, ẹsẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fò jìnnà kò ní ga tó. Ẹni tí kò bá ga tó, kò ní yí tán. Orí ló fi bọ́. Ọpọlọ rẹ̀ mì, síbẹ̀ ó dìde, ó gbé F-5, ó borí.

Femi kì í gun òkè òpó láti fò. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Túnjí_Òṣogbo

Ẹ̀yin ń sọ Lesnar, kí ló dé tí ẹ kò fi Femi wé àwọn ọmọ wa tó ti ṣáájú rẹ̀? Omos, Tolulope Omogbehin, ọmọ Èkó lòun náà, ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínǹṣì 3, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ti wá. Ní WrestleMania 37, oṣù Kẹrin 2021, òun àti AJ Styles gba bẹ́líìtì ẹlẹ́ni méjì. Ní ọjọ́ kejì, Apollo Crews gba bẹ́líìtì Intercontinental lọ́wọ́ Big E nínú ohun tí wọ́n pè ní "Nigerian Drum Fight". Ìlù ló wà yí rìǹgì ká. Ẹni tó wá gbè é níjà, Commander Azeez, Babatunde Aiyegbusi ni orúkọ rẹ̀, Poland ni wọ́n bí i sí. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn!

Ìyá_Tọ́pẹ́

Ọ̀rọ̀ ìlù yẹn, ẹ jẹ́ kí a má tún un sọ. Wọ́n fi ọ̀kọ̀ lé Crews lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọba. Tiv ni ìran rẹ̀. Kò sí dùndún, kò sí gángan, ìlù tí ẹnikẹ́ni ò mọ ilé tó ti wá ni wọ́n gbé kalẹ̀. Femi ni wọ́n jẹ́ kó dúró gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ó ń wọlé, ó ń wo ojú ènìyàn, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju bẹ́líìtì lọ.

Àlàdé_Peckham

Ìyá wa ti kan ibi pàtàkì: ọ̀rọ̀ ẹnu. Lesnar kò sọ̀rọ̀ ní 2002, Paul Heyman ló ń sọ ọ́ fún un. Nígbà tó padà wá, Heyman náà ló tún ń pe oríkì rẹ̀ kó tó jà. Ohùn Lesnar tín-ín-rín, kò bá ara rẹ̀ mu. Fífi Heyman síwájú bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Femi ló ń sọ tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ wúwo, kì í yára, ó mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́. Níbi yìí, kò sí ohun tí Lesnar fi jù ú.

Akínlabí_Houston

Mo gbà. Ẹ gba àmì kan fún Femi.

Bàbá_Rẹfirí

Túnjí, mo dá ọ lóhùn lórí Omos. Gíga nìkan ló ní. Ní 2 oṣù Kẹrin 2023, ní WrestleMania 39, Lesnar gbé e ní F-5. Ìjà kúkúrú ni, ohun kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn fẹ́ rí ni bóyá yóò lè gbé e. Ó gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ló kù fún Omos? Bí wọ́n bá ti ta òmìrán gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a kò lè gbé, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e ni ọjà tú.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fi wé ni Gable Steveson. Ìyẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ pè ní Lesnar tuntun. Minnesota kan náà ló ti wá. Ó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Tokyo, oṣù Kẹjọ 2021. WWE bá a tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù tó tẹ̀ lé e, oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó mú Femi. Wọ́n gbé e jáde ní WrestleMania 38. Ìjà rẹ̀ tí wọ́n polówó jù ni ti òun àti Baron Corbin ní 30 oṣù Keje 2023, ní NXT. Rẹfirí ka àwọn méjèèjì síta, kò sẹ́ni tó borí, àwọn òǹwòran sì ń hó lé e. Ní oṣù Karùn-ún 2024, wọ́n dá a sílẹ̀. Ní oṣù yẹn, ajurin tí ẹnikẹ́ni ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni bẹ́líìtì North American wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Túnjí_Òṣogbo

Kí ló fa á? Ṣé kò lágbára tó ni?

Bàbá_Rẹfirí

Agbára pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìjàkadì gidi, o ní láti fi ohun tí o fẹ́ ṣe pamọ́. Bí ọ̀tá bá rí èjìká rẹ tó mì, ó ti sá. Nínú ti WWE, o ní láti jẹ́ kí ẹni tó jókòó sí ìlà ìkẹyìn rí ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Ẹni tó mọ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yẹn jù lọ, òun ni ẹ̀kọ́ kejì máa ń ni lára jù. Ajurin kò ní ohun tó fẹ́ kọ́kọ́ gbàgbé. Èrò tèmi nìyẹn, ẹ lè bá mi jiyàn.

Kọ́ọ̀ṣì_Sùúrù

Mi ò bá yín jiyàn. Ajurin náà ti mọ́ra kí gbogbo pápá máa wo òun nìkan, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún un kó tó jù. Oníjàkadì ilé ìwé kì í gbọ́ òǹwòran.

Àlàdé_Peckham

Ohun kan kù: bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹni ńlá fìdí rẹmi. Ẹni àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Lesnar ni Big Show, ní Survivor Series, 17 oṣù Kọkànlá 2002, ní Madison Square Garden. Heyman ló dà á. Ìjà náà kò sọ pé Lesnar kò lágbára; ó sọ pé ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ló tà á. Láti ọjọ́ yẹn ni òǹwòran ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é.

Ẹ wo ti Femi àti Cody Rhodes ní 13 oṣù Kejìlá 2025, Saturday Night's Main Event, alẹ́ tí John Cena jà kẹ́yìn. Ẹni tó di bẹ́líìtì àgbà mú dojú kọ ẹni tó di ti NXT mú. Drew McIntyre já wọlé, ó da ìjà náà rú. Kò sẹ́ni tí wọ́n tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka mẹ́ta lé. Ẹni tí WWE kò bá ní nǹkan fún, wọn kì í dáàbò bo èjìká rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Adégídígbò

Ẹ ṣeun. Bí mo bá tún fẹ́ wo ìjà Femi, kí ni kí n máa wò?

Kọ́ọ̀ṣì_Sùúrù

Ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 12. Bí ó bá ṣì ń tẹ orúnkún kó tó gbé ènìyàn, ara rẹ̀ ṣì dá. Bí orúnkún bá nà tí ẹ̀yìn wá tẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń bá a jà sì gbọ́dọ̀ gbà á níṣẹ́ díẹ̀: kí ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó mí. Tún máa wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹni tó gbé bá ń bọ̀ nílẹ̀. Bí ó bá tètè jù ú sílẹ̀, ìwà ajurin ṣì wà lára rẹ̀, torí ajurin kì í tẹ̀ lé irin. Oníjàkadì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e dé ilẹ̀.

Ọmọ_Ìkòròdú

Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ má bínú. Ṣé Femi lè gbé Omos ní powerbomb?

Kọ́ọ̀ṣì_Sùúrù

Kò ní ṣeé ṣe bó ṣe ń ṣe é. Omos máa ní láti tẹ̀ ba débi pé orí rẹ̀ á wọ àárín itan Femi, lẹ́yìn náà kó fò pẹ̀lú 400 páùn. Ẹni tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í fò. Kí Femi kúkú gbé e kọ́ èjìká bíi ti Lesnar, kí ó ti ìdí igun bẹ̀rẹ̀, kí Omos fi ọwọ́ di okùn òkè mú láti fi rọ ara rẹ̀ sókè. Òǹwòran kò ní rí okùn náà bí kámẹ́rà bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìyá_Tọ́pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé láti òkè dé ìsàlẹ̀, "Femi" lẹ ń kọ. Ẹ ti jẹ "Ọba" inú orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tán.